Ìrókò tó ń kú lẹ́yìn Ìdí-Ayùnrẹ́, àti ìgbẹ́ tó gbà á là

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò ju éékà 7 lọ. Ó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí èèyàn bá kọjá Ìdí-Ayùnrẹ́ díẹ̀, kó tó kan àwọn oko tíìkì ìjọba ní Gàmbàrí. Ìdílé kan láti àárín ìgboro Ìbàdàn ló ni ín. Láyé bàbá-ńlá wọn, ilẹ̀ yìí pọ̀ ju báyìí lọ fíìfíì. Kòkó ló kún inú rẹ̀, àwọn igi ńláńlá sì ń ṣíji bo kòkó náà: ìrókò, arère, afàrà, ọ̀gànwó. Nígbà tí kòkó darúgbó tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo gba ipò rẹ̀. Àwọn igi ńlá náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdílé bá ní òkú àgbà láti sin, wọ́n á pe ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé gẹdú. Bí owó iléèwé bá dé, wọ́n á tún pè é. Pákó wọn ti kọjá ní ọjà pákó Bódìjà tipẹ́tipẹ́, òmíràn nínú rẹ̀ sì lè wà lára ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí láàárọ̀ yìí.

Ìrókò ńlá kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀, létí ààlà. Abo ni. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, abo nìkan ló sì ń so. Àwọn àgbà ilé ní Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké kàn án. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àbúrò kan tí Mọ́gàjì, olórí ìdílé náà, ní, tó mọ ìtàn ilẹ̀ náà dáadáa, sọ fún mi pé agégẹdú kan ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Kò tíì wọ inú igi náà jìnnà tí eyín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kán, ló bá di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó ń la pákó mọ ohun tó ṣe é. Ìrókò máa ń fa kálísíọ́ọ̀mù láti inú ilẹ̀, èyí sì lè dì sínú igi àgbà, pàápàá níbi tó bá ti gbọgbẹ́, títí yóò fi di òkúta funfun tó le débi pé ó lè ṣẹ́ ayùn. Olúwéré ló gba ìyìn, òkúta ló ṣiṣẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, igi náà wà láàyè, òun ló sì jẹ́ kí ìyókù ìtàn yìí ṣeé sọ.

Mọ́gàjì ìdílé náà, tó ti lé ní 80 ọdún, ló dá a lábàá pé kí igbó padà sórí ilẹ̀ yìí. Ìdí tó sọ fún ẹbí ni odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, tó ti máa ń gbẹ báyìí kí ọdún tó parí, tó sì jẹ́ pé nígbà èwe rẹ̀ wọ́n ń pa ẹja níbẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdí kejì kò sọ ọ́ nígbangba: bí ilẹ̀ bá ṣófo, àwọn ọ̀dọ́ ilé yóò gé e ní plọ́ọ̀tì fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tó wà ní Kánádà fi owó ránṣẹ́. Wọ́n pe katakata, ó tú gbogbo ilẹ̀ tigi-tigi, tìtàkùn-tìtàkùn, àfi ẹ̀bá odò tí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kó dé. Wọ́n dáná sun ohun tó wó. Wọ́n na okùn, wọ́n kan èèkàn ní mítà 3 sí mítà 3, wọ́n sì gbin ìrókò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, yàtọ̀ sí ìlà díẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀gànwó sí. Oko tíìkì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n wò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbin tíìkì, ó sì ń rí bó ṣe yẹ fún tíìkì.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ o. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ lè rí i láti ojú títì pé ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sí koríko kan lábẹ́ àwọn igi náà, oòrùn sì ń ta sí gbogbo ewé. Ọdún àkọ́kọ́ dára. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀, tí ewé tuntun yọ, nǹkan yí padà. Orí àwọn igi náà yọ kókó. Ewé ká kò, ó wú, lẹ́yìn náà ó là, ó dúdú, ó sì kú wálẹ̀. Igi á tún rú ọwọ́ mìíràn láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ yẹn náà á tún yọ kókó. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà, igi tó yẹ kó ti máa bá èèyàn dọ́gba kò ju orúnkún lọ, gbogbo rẹ̀ rí jákujàku.

Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ igbó, àlàyé mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀gẹ́ ti fa agbára ilẹ̀ náà tán. Àwọn kan ní ẹni tó ta irúgbìn fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Ìyá àgbà kan ní agboolé náà ní tirẹ̀ sọ pé Olúwéré ló ń bínú: wọ́n fi owó ra àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jà, wọ́n wá tò wọ́n sínú oòrùn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé, wọn ò sì bi í léèrè. Nínú àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tìyá yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó wà lódì kejì ààlà ta dáadáa, ewé ìsàlẹ̀ àwọn ìrókò náà sì tutù yọ̀yọ̀. Orí nìkan ló ń kú. Ẹni tó ta irúgbìn náà kò jẹ̀bi nǹkan kan tí mo lè rí. Mo já kókó kan lára ewé, mo fi abẹ là á níwájú wọn. Ohun kan wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, ó kéré, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Kòkòrò náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma lata. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn kò gùn tó mìlímítà 5, ó ní ìyẹ́, ó sì máa ń tọ bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ẹ̀ka tó wà. Kò mọ igi mìíràn láyé ju ìrókò àti ìbátan rẹ̀ lọ. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sára ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bí ẹyin bá pa, ọmọ á wọ inú ewé lọ, ewé á sì wú yí i ká títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Inú ibẹ̀ ló ti ń mu omi ara igi tó sì ń dàgbà. Tó bá tó àkókò, kókó á là, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ á fò jáde, ìdíbàjẹ́ á gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, ẹ̀ka á bu, á sì rà. Gbogbo ọwọ́ tuntun tí igi náà bá rú láti fi gba ara rẹ̀ là, oúnjẹ tuntun ni fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò jáde.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Kòkòrò yìí mọ òwe náà ju gbogbo wa lọ. Ìrókò tó bá ti ga kúrò nílẹ̀ dáadáa lè ní kókó lórí ewé rẹ̀ kó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀dọ́ ni ó ń pa. Ó wà lára ìdí pàtàkì tí àwọn elétò igbó káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi ń sá fún oko ìrókò, tí wọ́n sì ń fi tíìkì àti mẹláínà (Gmelina), igi ilẹ̀ òkèèrè, kún ilẹ̀ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrókò ni gbogbo káfíńtà ń béèrè.

Wọ́n ti fọ́n oògùn sí i kí n tó dé, oògùn tí wọ́n máa ń fọ́n sí kòkó. Kò ràn án, kò sì lè ràn án, torí ọmọ kòkòrò ti wà nínú ilé tí oògùn ojú ewé kò lè wọ̀. Àwọn agbọ́n tíńtínní tó máa ń yé ẹyin sára ọmọ kòkòrò yìí tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pa, àwọn gan-an ni oògùn náà ń bá níta. Ẹ ní kí wọ́n máa ná owó sórí èyí? Mo ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọ̀gànwó náà ní ìyà tiwọn. Kòkòrò mìíràn tí í jẹ́ Hypsipyla ń gbẹ́ inú ọ̀mùnú wọn, igi á sì ya ẹ̀ka méjì mẹ́ta nísàlẹ̀. Èyí kì í sábà pa á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí pákó gígùn ti pàdánù.

Ẹ̀bá odò ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. Ibi tí katakata kò dé yẹn, ìgbẹ́ gidi ni: ewé Akíntọ́lá, eépín, ìtàkùn oríṣiríṣi, akòko díẹ̀, àwọn igi wẹ́wẹ́ tí agégẹdú kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kì í wọ ibẹ̀. Mo fi àdá la ọ̀nà tóóró wọlé, mo sì bá ọ̀dọ́ ìrókò níbẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àwọn kan ga ju mí lọ. Àwọn kan hù láti ara gbòǹgbò àti kùkùté ìrókò àtijọ́ tí wọ́n ti gé. Èso ló mú àwọn yòókù wá. Àdán ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù: á jẹ èso abo ìrókò lóru, á fò lọ síbòmíràn, á sì yàgbẹ́ irúgbìn náà sílẹ̀. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí èyí pẹ̀lú àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ, irú èyí tí àwọn èèyàn wa ń fi kànnàkànnà àti ìbọn lé kiri tí wọ́n ń fi ṣe ẹran ọbẹ̀.

Kókó wà lára ewé díẹ̀ nínú àwọn ìrókò ẹ̀bá odò náà, nítorí náà kì í ṣe pé kòkòrò kò mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀mùnú wọn yè. Mo lóye èyí báyìí: igi tó wà lábẹ́ òjìji díẹ̀ kì í rú ewé rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí èyí tó wà nínú oòrùn, igi tó dá wà láàárín àwọn mìíràn ṣòro fún kòkòrò láti rí, àwọn agbọ́n tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ sì ní ibùgbé nínú ìgbẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gánà bá èyí mu: ìkọlù kòkòrò náà dín kù lábẹ́ òjìji, wọ́n sì ti dán an wò láti gbin ìrókò pọ̀ mọ́ afàrà dípò kó dá wà. Ìṣòro kan wà ṣáá. Igi oòrùn ni ìrókò. Bí a bá fi í sábẹ́ òjìji títí, kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Òjìji ní kékeré, ìmọ́lẹ̀ bó bá ṣe ń ga: ohun tí a ní láti ṣe nìyẹn, ẹnu ló sì rọrùn láti fi sọ ọ́.

Mọ́gàjì kò gbà.

“Ìwọ ọ̀gá fọ́rẹ́sìtì, o fẹ́ kí n fi ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀ kó di ìgbẹ́, kí àwọn ará Onígàmbàrí máa sọ pé ọ̀lẹ ni wá?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní igbó lẹ fẹ́.”

“Igbó ni mo ní. Mi ò ní kó o kó ewé Akíntọ́lá fún mi.”

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kún fún ìgbẹ́, gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ro oko kí ojú má bàa tì í, èmi wá ń sọ fún un pé ìmọ́tótó ilẹ̀ náà ló ń pa igi rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ igbó tó wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lápá Mọ́níyà, fún un, bí wọ́n ṣe dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, tí nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú ilẹ̀ rẹ̀ sì fi ara rẹ̀ di igbó ńlá lẹ́yìn tí dídá oko dópin níbẹ̀, débi pé ẹyẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn, Malimbus ibadanensis, tó ṣọ̀wọ́n gidi láyé, ń gbé níbẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Wáyà ló yí tiwọn ká. Kí ló yí tèmi ká?”

Mi ò ní èsì sí ìyẹn lọ́jọ́ náà, torí pé ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe IITA. Àbúrò rẹ̀ mú un lọ sí ẹ̀bá odò, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ìrókò kan níbẹ̀, ó padà wọn èyí tó wà ní ìlà, ó sì béèrè pé èló ni àwọn ti ná lórí ti ìlà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún un. Ó ní kí a ṣe bí a ti wí, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ títì mọ́.

Àyípadà tí a ṣe kò pọ̀ lójú. A kò ro ilẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú ìgbẹ́, wọ́n á wá ọ̀dọ́ igi tó ní láárí, ìrókò, arère, afàrà, ìdígbó, ọ̀gànwó, wọ́n á so aṣọ pupa mọ́ ọn, wọ́n á sì tú àyíká rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ọwọ́ àdá. Ẹni tó ti mọ́ lára láti ro oko máa ń gé ohun gbogbo tó bá wà níwájú rẹ̀, ọ̀dọ́ ìrókò sì dà bí igi lásán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sanwó ni a yí padà tí èyí fi dáwọ́ dúró: a kì í sanwó éékà mọ́, iye igi tí wọ́n bá so aṣọ mọ́ tí ó sì yè lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kọjá ni a ń sanwó fún. Láàárín àkókò díẹ̀ wọ́n ń rí ọ̀dọ́ igi níbi tí èmi fúnra mi kò rí nǹkan kan.

Ní ibi tí katakata ti tú, kò sí ìgbẹ́ tí yóò ṣíji bo ohunkóhun, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà la kọ́kọ́ gbìn. Ó yára ṣíji, ó sì ń mówó wọlé. Ètò yìí kò ṣàjèjì: ọjọ́ pẹ́ tí ìjọba ti ń jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ dáko láàárín ọ̀dọ́ igi nínú igbó ọba. Afàrà àti arère ló tẹ̀lé e, pẹ̀lú àyè gbígbòòrò láàárín wọn. Arère ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò máa ń jẹ èso rẹ̀, èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò kì í pẹ́ kó tó pàdánù agbára àtihù. Ìdí nìyẹn tí FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò láti 1954, fi bá àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970 lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀ka arère gbìn dípò èso. Ẹ̀ka la lò. Ìrókò kò wọ inú rẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń fi í sí i, láti inú èso abo ìrókò ìsàlẹ̀ yẹn la sì ti mú un hù. Àwọn ìrókò ìlà tó ṣì mí díẹ̀, a fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú báyìí.

Lórí ìtàkùn, èrò mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó di 1944, àwọn elétò igbó ìjọba amúnisìn gbé ètò kan wọ Nàìjíríà láti mú kí igbó tún ara rẹ̀ hù: wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n ń fi májèlé tí wọ́n fi ásẹ́níìkì ṣe pa àwọn igi tí kò lówó lórí, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ọ̀dọ́ ìrókò àti ọ̀gànwó. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lóòótọ́. Ìtàkùn ló sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìtàkùn bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ọ̀dọ́ igi tí wọ́n ń retí kò tó nǹkan, àwọn igi tí wọ́n fún ní májèlé sì wá di ohun tí ọjà ń béèrè lẹ́yìn náà. Wọ́n pa ètò náà tì ní àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, ìtàkùn tó bá gun igi tí a so aṣọ mọ́ la ń gé, ìtàkùn tó bá gun eépín, ẹ jẹ́ kó máa gùn ún. A kì í sì ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ka kan lọ́dún yìí, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Iná ń bà mí lẹ́rù ju kòkòrò lọ. Ní Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn elétò igbó ya ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1929. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń sun èkejì ní òpin ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ẹ̀kẹta ti ń di igbó, èkejì ti di ọ̀dàn tó kún fún koríko, àkọ́kọ́ sì wà láàárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Mo sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ ilé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí àwọn ló máa ń sọ pé iná ọdọọdún kò ṣe igbó ní nǹkan kan.

Ewé Akíntọ́lá tí mo ń gbèjà rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ iná. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni pé inú èso mẹláínà tí wọ́n kó wá láti Sílóònù (Siri Láńkà òde òní) ní nǹkan bíi 1937 ló bá wọlé. Nígbà òjò, ó ń ṣíji bo ọ̀dọ́ igi, ó sì ń pa koríko. Nígbà ọyẹ́, ó gbẹ, iná sì fẹ́ràn rẹ̀. A la ilẹ̀ fífẹ̀ yí oko náà ká ní oṣù Kọkànlá, a gbá a mọ́, èyí tó wà níhà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sì fẹ̀ jù. Àwọn tó ń dẹ òkété dáná níta ààlà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kejì, iná náà rí ibì kan gbà, níbi ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà lọ sódò, tí ewé gbígbẹ wà lórí ara wọn. Bí ìdajì éékà ló lọ. Àwọn ọ̀dọ́ afàrà ibẹ̀ kú pátápátá. Ìrókò tún rú láti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n òjìji ti jóná, nígbà tí òjò dé, kókó ló kọ́kọ́ yọ lórí wọn. A tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èsì ìbéèrè Mọ́gàjì nípa wáyà wá láti inú ìpàdé ẹbí, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ mi. Ìpàdé náà gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ máa bínú. Igi tí yóò gba ọdún 50 kó tó di pákó, ta ni nínú wa tó máa rí owó rẹ̀? Ilẹ̀ ń lówó lórí báyìí.” Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ń ṣe bíi pé òmùgọ̀ ló béèrè rẹ̀ kò tíì gbé owó ilé san ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀ Olúwéré lẹ́ẹ̀kan ló dá a lóhùn, ó ní ṣé èyí tí wọ́n tà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó lè fi hàn án lónìí?

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyí: éékà 1 ààbọ̀ tó wà lójú títì, wọ́n tà á. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi wọn ìyókù, wọ́n ṣe ìwé rẹ̀, ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdílé náà sì fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a tà. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ igbó bu ẹnu àtẹ́ lu títà náà. Lójú tèmi, ojú títì yẹn ni ilẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ jù, bí wọn kò bá sì tà á, ká má tan ara wa, odindi ilẹ̀ náà ni ì bá ti lọ. Láti ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti di tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ náà ló ń lé àwọn adẹ̀kété àti àwọn asunèédú kúrò, wọn kì í tún retí ẹnikẹ́ni.

Odò náà ṣì ń gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Èéfín àwọn tó ń sun èédú lókè rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, éékà márùn-ún ààbọ̀ kò sì lè dá omi odò kan padà nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè bá ṣí sílẹ̀. Mo ti sọ èyí fún Mọ́gàjì, kò dùn mọ́ ọn.

Àwọn ìrókò ẹ̀bá odò ti kọjá ibi tí kòkòrò fi lè dá wọn dúró, orí wọn sì ti kan abẹ́ ẹ̀ka eépín. Iṣẹ́ tó kàn ni kí a ṣí àwọn ẹ̀ka yẹn kúrò lórí wọn kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí oòrùn tí wọ́n nílò báyìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun eépín kọ̀ọ̀kan láti gé e lẹ́ka-lẹ́ka, torí tí a bá bì í ṣubú, orí ìrókò ni yóò wó sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbà láti ṣe é, wọ́n sì ti ní kí owó orí igi kọ̀ọ̀kan lé sí i nítorí pé wọ́n máa gun igi. Mọ́gàjì ní kí wọ́n wá bá òun nílé lọ́jọ́ Àìkú.